Ẹ̀rí: Olúwa Fi Iná Ẹ̀yìn Yọ Wá

Mo ní ẹ̀rí láti jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rí àìsàn, kì í ṣe ti àgàn tó bímọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tó gba físà. Ẹ̀rí iná ọkọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa fi mí rẹ́rìn-ín, wọn á ní kí ló kan Ọlọ́run kan wáyà àti gílóòbù. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀mí mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan nínú wọn kò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé kòkó ni mò ń rà. Abà dé abà ni mò ń lọ ní ìgbèríko Ìdànrè, láti Aládé títí wọ inú igbó tó kọjú sí ọ̀nà Ọ̀fọ̀sù. Toyota Hilux tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ni mo fi ń ṣe é, nítorí ọkọ̀ kékeré kò lè gun àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ nígbà òjò. Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Tí mo bá ti to àpò sẹ́yìn ọkọ̀, tí mo ta tapólì lé e lórí, dígí àárín tó wà lókè orí mi kò wúlò mọ́, àpò nìkan ni mò ń rí nínú rẹ̀. Ó wá ku dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹrẹ̀ á sì ti bo àwọn yẹn kí n tó dé ìdajì ọ̀nà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mò ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Ní ọdún 2024 tí owó kòkó fò sókè, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà New York, gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ló di oníkòkó. Bí àgbẹ̀ bá pè ọ́ nírọ̀lẹ́ pé kòkó òun ti gbẹ, tí o ní ó di àárọ̀, ẹlòmíràn á ti gbé e lọ. Àwọn olè náà kò sì jẹ́ kí kòkó sùn síbi tí wọ́n sá a sí. Àgbẹ̀ tó bá lè tà á lálẹ́, á tà á lálẹ́, kí òun náà lè rí oorun sùn.

Kí n tó sọ ti alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wáyà, nítorí inú wáyà ni ẹ̀rí yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ti so iná halogen méjì mọ́ abẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn. Ó fi ṣe yàngà lọ́jọ́ tó fẹ́ tà á: ó wọ ríváàsì, gbogbo àgbàlá mọ́lẹ̀ roro. Inú mi dùn, mo sanwó. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná bí mo bá ti ń fi ẹ̀yìn rìn pẹ́ díẹ̀. Ó máa ń wá, ó máa ń lọ. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fi ẹ̀yìn jáde nínú oko tó jìn, èéfín yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fò sílẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ orí bátìrì. Èéfín náà rọlẹ̀. Tí ẹ bá mọ iye kòkó tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ àti iye dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú táǹkì lọ́jọ́ náà, ẹ ó gbà pé ìdáǹdè kìn-ín-ní nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó tóbi ṣì ń bọ̀.

Mo wa ọkọ̀ náà lọ bá bàbá kan ní Àkúrẹ́ tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Rìwáyà là ń pe àwọn oníṣẹ́ yìí, Bàbá Rìwáyà ni mo sì máa pè é níhìn-ín, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ òun sínú ìwé. Ó ṣí àpótí fíúùsì, ó fi ìka kan ọ̀kan níbẹ̀. Nọ́ńbà 10 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé áńpù 10 ló lè gbà kọjá kó tó já. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti yọ okùn bàbà láti inú wáyà, ó ti wé e mọ́ ẹsẹ̀ fíúùsì náà méjèèjì, ó wé e yíká-yíká títí ó fi sanra. Ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ó ti yọ́ díẹ̀ ní etí. Bàbá Rìwáyà kò sọ̀rọ̀. Ó fi pílà fà á yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Díkínì, ẹni tó ṣe èyí ti di ẹrù ikú lé yín lórí, ó sì tún gbowó iṣẹ́.”

Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi bó ṣe ń tú ọkọ̀. Gílóòbù ríváàsì tó bá irú ọkọ̀ yìí wá, wáàtì 21 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjèèjì jẹ́ 42. Ẹ fi fóòtì 12 tó wà nínú bátìrì pín in, áńpù 3.5 ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn lè gbé ìyẹn láìkérora. Halogen méjì tí wọ́n wá so kún un, wáàtì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan, 110 lápapọ̀, fi áńpù mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ kún ẹrù náà. Gbogbo rẹ̀ wá ń lọ sí bíi áńpù 13 nínú wáyà tí fíúùsì 10 ń ṣọ́. Fíúùsì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó já. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tún já. Dípò kí wọ́n bi í pé kí lo rí, wọ́n fi bàbà dí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, wáyà fúnra rẹ̀ ló di fíúùsì, ara rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jó. Súwíìṣì kékeré tó wà lára gíà náà, èyí tí gíà ń tẹ̀ nígbà tí a bá wọ ríváàsì, wọn kò ṣe é fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti ń jó díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Rìwáyà sọ ni pé wáyà ríváàsì ọkọ̀, kí a máa rán an níṣẹ́ nìkan, kí a má di ẹrù lé e. Ẹni tó máa ru ẹrù ni bátìrì, nípasẹ̀ wáyà tirẹ̀ tó sanra. Ẹni tó sì máa gbọ́ iṣẹ́ tí ríváàsì rán, tó máa ṣí ọ̀nà fún bátìrì, ni rílè.

Rílè kò ju àpótí dúdú kékeré lọ, tí irin ẹlẹ́sẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló ní ìlànà nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹsẹ̀ náà: 30, 85, 86, 87. Wáyà tó sanra láti orí bátìrì wọ 30. Láti 87 ni iná ti ń lọ sẹ́yìn. 85 wọ bọ́dì ọkọ̀. 86 ló ń gbọ́ ohùn ríváàsì. Tí iná díẹ̀ bá ti dé 86, wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀ á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa ẹnu 30 àti 87 pọ̀, ẹ ó gbọ́ “kì”, iná á sì gba ojú kan ṣoṣo láti bátìrì dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohun tí rílè ń gbà lọ́wọ́ wáyà ríváàsì láti ṣe gbogbo èyí kò ju ìdá márùn-ún áńpù kan lọ.

Ó tú halogen méjèèjì dànù. Ó ní kí n ra LED méjì tí ìmọ́lẹ̀ wọn funfun, wáàtì 18 lọ́kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó ń tan ibi tó fẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń ta jìnnà. Ó ní kí n wò ó bóyá wọ́n kọ IP67 sára páálí rẹ̀. 6 náà ni pé eruku kò lè wọ̀ ọ́ rárá, 7 ni pé bí ó bá rì sínú omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30, kò ní bàjẹ́. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ la odò kọjá mọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Wáàtì 36 yẹn kò ju áńpù 3 lọ. Mo bi í pé, “Bàbá, bó bá jẹ́ 3 péré, ṣé wáyà ti tẹ́lẹ̀ kò ní lè gbé e?” Ó ní 3 lé 3.5 jẹ́ 6.5, á gbé e lóòótọ́. “Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, Díkínì. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó ra èyí tó tóbi ju báyìí lọ, ẹ ò sì ní wá sọ fún mi.”

Bó ṣe wá wáyà ríváàsì nìyí. Ó tú iná ẹ̀yìn ọ̀tún. Wáyà kún ibẹ̀: ti páàkì, ti bíréèkì, ti tíráfíkétà, ti ríváàsì, ti áàtì. Kò wo àwọ̀ wáyà, ó ní àwọ̀ lè parọ́, pàápàá nínú ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti tú. Ó ní kí n fa háńdù-bíréèkì, kí n yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí n wọ ríváàsì. Ó wá ń fi tẹ́sítà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí tẹ́sítà tàn sí, ó ní kí n yọ gíà, tẹ́sítà kú. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ padà, ó tàn. Ó ní, “Òun nìyẹn.”

Fíúùsì 7.5 ló fi sí wáyà tuntun náà, kò sì jìnnà sí orí bátìrì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé mo bá ẹni tó mọṣẹ́ pàdé, nítorí ọ̀pọ̀ ń fi fíúùsì síbi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí lẹ́bàá iná fúnra rẹ̀. Wáyà tó wà láàrin bátìrì àti fíúùsì, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá bó, tó fi ara kan irin, bátìrì á tú gbogbo agbára rẹ̀ sí i, á pọ́n, á sì jó ohun tó bá wà nítòsí. Wáyà 2.5 ló lò, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣásíì, ó jìnnà sí ẹ̀sọ́ọ̀sì, ó wà nínú páìpù rọ́bà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Gbogbo ibi tó ti la irin kọjá ló fi òrùka rọ́bà sí, nítorí ọkọ̀ tó ń wọ oko ń mì tọ̀sán-tòru, ẹnu irin á sì máa gé wáyà lójú ihò. Níbi tí áàtì ti wọ bọ́dì, ó fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò títí irin fi funfun, ó de bóòtù mọ́ ọn, ó fi gíríìsì bò ó. Ó ní bí iná ọkọ̀ bá ń ṣẹ́jú, áàtì ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó dá gílóòbù lẹ́bi.

Kò so iná náà mọ́ abẹ́ bọ́ńpà mọ́. Ibẹ̀ ni táyà ń fọ́n ẹrẹ̀ sí, ibẹ̀ ni òkúta ń bà. Òkè ló gbé e lọ, ní igun méjèèjì irin tó gbé tapólì ró, ó sì dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀ kó lè tan ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Súwíìṣì ló kù. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀kan sí dáṣíbọ́ọ̀dù fún mi. Ó fi sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni súwíìṣì náà ń yí sí. Tí mo bá tì í sókè, ríváàsì ló ń pàṣẹ: mo wọ gíà, iná tàn, mo yọ gíà, iná kú. Tó bá wà láàrin, ó kú pátápátá. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, iná á tàn láìwọ gíà, kí a lè rí ibi tí a ti ń kó àpò nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Súwíìṣì yìí kì í di ọ̀nà méjì mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà iná tó bá ti ìsàlẹ̀ wá kò lè gba ẹ̀yìn wọnú wáyà ríváàsì ọkọ̀. Àwọn rìwáyà kan á kàn pa wáyà méjèèjì pọ̀. Bí awakọ̀ bá wá tẹ súwíìṣì, gílóòbù ríváàsì àtijọ́ náà á tàn, ọkọ̀ á máa lọ síwájú, iná ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ lé e pé òun ń bọ̀ wá bá a. Òfin iná ọkọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 48, fòfin de èyí gan-an: funfun ni iná ríváàsì gbọ́dọ̀ jẹ́, kò sì gbọdọ̀ tàn àyàfi tí ọkọ̀ bá wà nínú gíà ẹ̀yìn.

Bàbá Rìwáyà ní láàrin ìgboro, kí n fi súwíìṣì sí àárín kí n má baà fọ́ ẹlòmíràn lójú. Àwọn ọmọkùnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ń tan irú iná yìí síni lójú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí a lè mọ̀ pé wọ́n ní owó. Èmi ò rí ọlá kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti kúrò lójú títì, ó ní kí n tì í sókè, kí n fi í síbẹ̀. Ó ní, “Iná tó ń dúró kí ẹ rántí òun, Díkínì, lọ́jọ́ tí ọkàn yín bá pòrúùru, kò ní sí.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Oṣù Ọ̀wàrà ni alẹ́ náà bọ́ sí, nígbà tí kòkó ti ń pọ́n tí òjò kò sì tíì fi wá sílẹ̀. Èmi àti ọmọọṣẹ́ mi ti di ẹrù kún ọkọ̀ ní abà kan, a ń bọ̀ nílé. Òjò ń rọ̀ sórí tapólì. Ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kékeré kan tí wọ́n fi igi ṣe afárá sí. Òkè ló wà lápá òsì, lápá ọ̀tún sì ni kòtò tí àgbàrá gbẹ́. Ọkọ̀ méjì kò lè pàdé níbẹ̀, ọkọ̀ kan kò sì lè yí padà. Nígbà tí a dé etí afárá, mo dúró. Ọmọọṣẹ́ mi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó lọ síwájú, ó fi ẹsẹ̀ tẹ igi wò, ó yíjú sí mi, ó mi orí. Omi ti gbé igi méjì lọ.

Kò sí ohun tó kù ju kí n fi ẹ̀yìn gun òkè tí a sọ̀ kalẹ̀ náà padà, títí dé gbàgede tí wọ́n ti ń sá kòkó. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé a kì í rọra fi ẹ̀yìn gun òkè nínú ẹrẹ̀. Tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí o bá fẹsẹ̀ falẹ̀, táyà á gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀, ọkọ̀ á sì yọ̀ lọ sínú kòtò. Àfi kí o fún un ní tọ́tù dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má sì jáwọ́. Mo ti fi ọkọ̀ sínú gíà kékeré ti táyà mẹ́rin. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni òjò, afárá, kòtò ọ̀tún, àti owó àpò tí mo ti san. Súwíìṣì orí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí mo ti tì sókè láti ìgbà tí mo ti kúrò lójú títì, kò sí lọ́kàn mi rárá. Kò sì sí ohun tó lè mú mi rò pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi. Láti abà tí a ti kúrò, mi ò rí iná ẹnikẹ́ni.

Mo yọ orí síta lójú fèrèsé. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo wọ ríváàsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń tẹ tọ́tù. “Kì.” Gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ funfun báláú.

Ọ̀kadà kan wà ní dídùbúlẹ̀ láàrin ọ̀nà. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè. Ọkùnrin kan dì í mú, ó ń fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Lábẹ́ ọ̀kadà náà ni obìnrin kan jókòó sí nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sábẹ́ irin, ó nawọ́ méjèèjì sókè sí iná náà. Láti èjìká rẹ̀ ni mo ti rí orí ọmọ. Bí wọ́n ṣe jìnnà sí bọ́ńpà mi kò ju láti orí pẹpẹ ìjọ wa dé bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lọ.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ fò gìrì, ẹ́ńjìnnì kú. Ó rọra sún síwájú díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó dúró.

Mo yọ gíà, iná náà kú, òkùnkùn bolẹ̀, obìnrin náà ké. Ìgbà náà ni mo tó rántí súwíìṣì. Mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, iná tún tàn, ìmọ́lẹ̀ yẹn ni èmi àti ọmọọṣẹ́ mi àti ọlọ́kadà fi gbé ọ̀kadà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà bó, kò kán. Ọmọ kò fara pa rárá, ó ń sunkún, ara rẹ̀ gbóná janjan. Ibà ọmọ yẹn ló gbé wọn jáde nínú òjò, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ.

Ọlọ́kadà náà dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ní iná.” Iná iwájú ọ̀kadà rẹ̀ ti fọ́, kò sì fẹ́ kí òru mú wọn lójú ọ̀nà, ló bá ń tẹ̀ lé iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ mi láti ọ̀nà jíjìn. Iná mi ló fi ń mọ ibi tí ọ̀nà wà. Nígbà tí mo dúró létí afárá, òun náà tẹ bíréèkì, ọ̀kadà yọ̀, ó dà wọ́n sílẹ̀. Ìyá ọmọ ní, “Mo pariwo, Bàbá. Mo pariwo títí.” Mo gbà á gbọ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń ké níwájú, òjò ń lu tapólì lẹ́yìn, ta ló máa gbọ́?

Mo gbé ìyá àti ọmọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọọṣẹ́ mi àti ọlọ́kadà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lápá òkè, wọ́n ń júwe fún mi, mo sì fi ẹ̀yìn gun òkè náà dé gbàgede lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ iná méjèèjì. A gba ọ̀nà mìíràn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n tọ́jú ọmọ náà, ó gbádùn. Ìyá rẹ̀ ti wá kí ìyàwó mi nílé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan tó wúwo ju ọmọ tó pọ̀n lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wo iná ríváàsì àtijọ́, èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ẹrẹ̀ ti yan lé ike rẹ̀ lórí, ìgbà tí mo fi èékánná ha á ni mo tó rí àwọ̀ funfun rẹ̀. Òun náà tàn lálẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹrẹ̀ ló ti tàn. Ká ní òun nìkan ni mo ní, n kì bá tí rí ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan nínú ìjọ bi mí lẹ́yìn ìsìn pé ta ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ṣé Ọlọ́run ni àbí rìwáyà. Mo ti gbọ́ ẹ̀rí púpọ̀ tí ènìyàn kan kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n á ní Olúwa wo àwọn sàn, wọn ò ní dárúkọ nọ́ọ̀sì tó jí dúró tì wọ́n mọ́jú. Èmi ò lè jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Olúwa ló mú kí ọkọ̀ kú lójú ibi tó kú sí, mo mọ ìyẹn dájú. Olúwa náà ló sì mú mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí kò gbà kí n fi ìrántí ara mi ṣọ́ ẹ̀mí ẹlòmíràn, tó ha ọ̀dà kúrò níbi tí ojú mi kò lè dé, tó sì gba iye owó tó yẹ kó gbà, kò lé kọ́bọ̀. Ọlọ́run tí mò ń sìn kì í tijú ọwọ́ tó dọ̀tí fún gíríìsì.

Mo lọ sọ fún Bàbá Rìwáyà. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó ní kí n máa sọ ọ́, òun ń gbọ́. Mo sọ ọ́ tán. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ṣé fíúùsì já?” Mo ní kò já. Ó ní, “Àlùhámúdùlílàhì,” ó sì ní kí n na sípánà 12 sí òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ wọ oko, ẹ̀yin oníkòkó, ẹ̀yin onígẹdú, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí àpótí fíúùsì yín lónìí. Bí ẹ bá rí bàbà tàbí bébà fàdákà sìgá tí wọ́n wé mọ́ fíúùsì, ẹ má wa ọkọ̀ náà títí ẹ ó fi tún un ṣe. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ wọ ríváàsì, kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ ohun tó rí nílẹ̀ fún yín. Ẹni tí kò bá lówó LED, kó kọ́kọ́ nu èyí tó ní. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má tẹ̀ lé ọkọ̀ lókùnkùn láìní iná. Ẹ ké sí awakọ̀ kó dúró, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìsinmi kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ṣe ìdúpẹ́ náà ní ìjọ. Ọlọ́kadà, ìyá ọmọ àti ọmọ ń bọ̀. Mùsùlùmí ni Bàbá Rìwáyà, ṣùgbọ́n ó ti ní òun á wá, bí kò bá ti bọ́ sí àsìkò ìrun. Gbogbo yín ni mo pè. Ẹ wá bá mi yin Olúwa.